Bí Àwọn Elédè Gẹ̀ẹ́sì Ti Ń Béèrè Èrò Ọkàn Ẹni

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ mú wá síwájú yín kò tóbi lójú. Ó jẹ mọ́ irú ìbéèrè kan ṣoṣo, èyí tí kì í kúrò lẹ́nu ènìyàn: ìbéèrè tí a fi ń wádìí ohun tí ó wà lọ́kàn ẹnìkejì wa nípa nǹkan. Yorùbá a máa wí pé, “Báwo ni ẹ ti rí i sí?” tàbí “Kí ni ẹ rí sí i?” tàbí “Kí ni èrò yín?” Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ní ọ̀nà tiwọn. Ọ̀nà náà kò gùn, ṣùgbọ́n kọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀, ó sì yẹ kí àwa tí a ń múra láti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní èdè yìí mọ àwọn kọ̀rọ̀ náà dáradára, nítorí pé ibi tí olùkọ́ bá ti kọsẹ̀ ni ogójì ọmọ yóò ti ṣubú.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì láàárín wa ni ó máa ń wí pé, “How do you think about it?” Ohun tí ó fa èyí kò farasin. “Báwo” ni ó wà lẹ́nu wa, a sì ti kọ́ wa láti kékeré pé “báwo” ni “how”. Ṣùgbọ́n “how” níwájú “think” kò béèrè èrò rárá. Ọ̀nà tí ènìyàn gbà ń ronú ni ó ń béèrè, bí ẹni pé a fẹ́ mọ̀ bóyá kíákíá ni ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tàbí díẹ̀díẹ̀. Lójú àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì, èrò dà bí ohun kan tí ènìyàn dì mú sínú ọkàn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń di owó mú sí àtẹ́lẹwọ́. Bí a bá sì fẹ́ mọ ohun tí ó wà ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni, “kí ni” ni à ń béèrè. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wí pé, “What do you think?” Bí ẹnikẹ́ni bá ń wò ó pé àjèjì ni èyí sí wa, kí ó ṣí Mátíù 22:42 nínú Bíbélì Yorùbá tí a parí ìtumọ̀ rẹ̀ ní 1884, níbi tí Olúwa wa ti bi àwọn Farisí léèrè èrò wọn nípa Kristi. “Kí ni” ni àwọn atúmọ̀ lò níbẹ̀. Wọn kò lo “báwo”. Èdè tiwa mọ ọ̀nà yìí tipẹ́tipẹ́.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí lé “how” jáde pátápátá. Ó ní àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń bá rìn: “like”, “feel”, àti “find”. “How do you like the new house?” dára. “How do you feel about it?” dára pẹ̀lú. Èyí tí ó wù mí jù nínú wọn ni “How do you find it?” nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó máa ń dàrú lójú. Bí àlejò kan bá jókòó ti ọbẹ̀, tí onílé sì bi í pé, “How do you find the soup?” ọbẹ̀ náà kò sọnù, a kò sì wá a rí. Ohun tí onílé ń béèrè ni bí ọbẹ̀ náà ti rí lẹ́nu àlejò. “Find” yìí sún mọ́ “rí” tiwa tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé “How do you find it?” àti “Báwo ni ẹ ti rí i sí?” fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ẹni tí ó bá ní “báwo” lẹ́nu tí kò fẹ́ ju ú nù, “find” ni kí ó fi gbé e, kí ó fi “think” sílẹ̀ fún “what”.

“How do you like” pàápàá ní ojú méjì. Bí obìnrin onílé bá di ìkòkò tíì mú, tí ó wí pé, “How do you like your tea?” ó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun bu ṣúgà sí i púpọ̀ tàbí díẹ̀. Bí a bá ti mu ún tán tí ó wí pé, “How do you like the tea?” ìyìn ni ó ń retí. Ọ̀rọ̀ kékeré kan, “your” tàbí “the”, àti ìgbà tí a sọ ọ́, ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Níhìn-ín ni mo gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ “like”, nítorí pé ó ti da ọ̀pọ̀ ìdánwò rú. Yorùbá ní, “Báwo ni olùkọ́ yín tuntun ti rí?” Gbólóhùn kan yìí lè béèrè ìwà rẹ̀, ó lè béèrè ìrísí rẹ̀, ó sì lè béèrè ìlera rẹ̀ bí ó bá ti ń ṣàìsàn. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì pín in sí mẹ́ta. “How is he?” ń béèrè àlàáfíà ara rẹ̀. “What does he look like?” ń béèrè bí ó ti ga tó, bí ó ti dúdú tàbí pupa tó, bóyá ó ní irùngbọ̀n. “What is he like?” ni ó ń béèrè èrò wa nípa ìwà rẹ̀: ṣé onínúure ni, ṣé ó le, ṣé ó mọ ọ̀nà àtikọ́ni? “Like” tí ó wà nínú èyí túmọ̀ sí “jọ”, kò ní ohun kan í ṣe pẹ̀lú “fẹ́ràn”. Bí a bá yọ “is” kúrò tí a fi “does” dípò rẹ̀, tí a wí pé “What does he like?” ọ̀rọ̀ ti yí padà pátápátá, a ti ń béèrè bóyá iyán ni ó fẹ́ràn tàbí ẹ̀bà. Mo ti rí i tí akẹ́kọ̀ọ́ kan dáhùn ìbéèrè tí ó sọ pé “What is your friend like?” báyìí pé, “My friend is like football.” Ẹ̀rín pa kíláàsì, ṣùgbọ́n èmi rò pé ọmọ náà ti sapá: ó mọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ni kò sọ fún un pé wọ́n ti so mọ́ ara wọn.

Nípa “think” fúnra rẹ̀, ohun méjì ni kí a ṣọ́. Èkínní ni “ń” wa. Bí ó bá jẹ́ pé “Kí ni ẹ ń rò nípa rẹ̀?” ni ó wá sí ọkàn wa, “What are you thinking about it?” ni yóò jáde lẹ́nu, elédè Gẹ̀ẹ́sì kì í sì í sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ mọ èrò ènìyàn. “What are you thinking?” ni à ń sọ fún ẹni tí ó káwọ́ lérí, tí ojú rẹ̀ lọ jìnnà, tí a sì fẹ́ mọ ohun tí ó gbà á lọ́kàn ní ìṣẹ́jú náà gan-an. Èrò tí ènìyàn ti dì mú kò nílò “-ing”. Èkejì ni “of” àti “about”. Méjèèjì dára lẹ́yìn “think”, ṣùgbọ́n “What do you think of the sermon?” ń béèrè ìdájọ́: ó dára tàbí kò dára? “What do you think about the sermon?” sì gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, a lè fi àròjinlẹ̀ dá a lóhùn.

“Opinion” ni ọ̀rọ̀ ńlá tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn jù, bóyá nítorí pé ó gùn. “What is your opinion?” kò ní àṣìṣe, ṣùgbọ́n aṣọ òde ni, ìgbìmọ̀ àti àpéjọ ni ó yẹ. Ẹni tí ó bá ń bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, “What is your opinion of my shoes?” ti wọ agbádá lọ sí odò. Nígbà tí a bá sì ń dáhùn, “gẹ́gẹ́ bí èrò mi” a máa tàn wá wí pé “according to my opinion”. “According to” wà fún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn tí a ń mú wá ṣe ẹ̀rí. Ènìyàn kì í fi ara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí ara rẹ̀. “In my opinion” ni wọ́n ń wí.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ kékeré “do” tí ó wà láàárín gbólóhùn náà. Kò ní iṣẹ́ mìíràn níbẹ̀ ju pé ó ń gbé ìbéèrè lọ, gẹ́gẹ́ bí “ǹjẹ́” àti “ṣé” ti ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Kò sì sí níbẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀-ìṣe náà gan-an ni ó máa ń fò ṣáájú ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Bí a bá wo ẹsẹ Mátíù kan náà nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611, a óò rí i pé “think” ni ó ṣáájú tí “ye” sì tẹ̀lé e, láìsí “do” rárá. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni “do” bẹ̀rẹ̀ sí gbilẹ̀ nínú ìbéèrè, nígbà tí yóò sì fi di nǹkan bí 1700, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfin. Ẹni tí ó bá ń kọ “What think you?” nínú lẹ́tà lónìí kò ba èdè jẹ́, ṣùgbọ́n aṣọ baba ńlá ni ó wọ̀ jáde sí ọjà.

Láyé àtijọ́ yìí kan náà ni wọ́n ń lo ọ̀rọ̀ kan, “methinks”, tí àwọn tí ó ń ka Shakespeare yóò ti bá pàdé. Ẹni tí ó bá wò ó bí ẹni pé “èmi ń rò” ni ìtumọ̀ rẹ̀ kò tíì dé ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni ó wà nínú Gẹ̀ẹ́sì ìgbà láéláé. Ọ̀kan túmọ̀ sí “láti ronú”, èkejì túmọ̀ sí “láti jọ lójú ẹni”. Nígbà tí ó pẹ́, ohùn wọn di ọ̀kan náà, èkejì sì wọlẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ni ó ṣẹ́kù sínú “methinks”: “ó jọ lójú mi pé”. Inú mi dùn púpọ̀ sí èyí, nítorí pé “lójú tèmi” tí àwa ń wí títí di òní, ohun tí ó sún mọ́ ọn ni ó ti wà lẹ́nu àwọn baba ńlá àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì rí.

Ibi tí ó le jù ni mo ń bọ̀ wá kàn yìí, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fi sùúrù kà á. Ẹ gbé gbólóhùn yìí wò: “Ta ni ẹ rò pé ó wá?” Ní Yorùbá, “pé” kò ṣé yọ níbẹ̀, “ó” kò sì ṣé yọ. Bí a bá wá fi í sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ fún ọ̀rọ̀, a óò rí “Who do you think that he came?” Elédè Gẹ̀ẹ́sì á yọ méjèèjì nù: “Who do you think came?” Ìdí rẹ̀ ni èyí. “Who” ni ẹni tí ó wá. Ipò rẹ̀ gan-an ni ẹ̀bá “came”, ṣùgbọ́n nítorí pé òun ni à ń béèrè, ó dìde lọ sí iwájú gbólóhùn. Àwa Yorùbá, bí ẹnìkan bá dìde kúrò lórí àga, a máa ń fi “ó” jókòó dè é. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì kì í fi ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kí “that” dúró ti àga tí ó ṣófo. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí a ṣe ni à ń béèrè, tí kì í ṣe ẹni tí ó ṣe é, ọ̀rọ̀ rọ̀ díẹ̀: “What do you think that he bought?” àti “What do you think he bought?” ni ó tọ̀nà méjèèjì, èkejì ni ó sì wọ́pọ̀ jù lẹ́nu wọn.

Àṣìṣe mìíràn tí ó fara jọ èyí ni “What do you think will he say?” Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń dá ọ̀rọ̀ padà nínú ìbéèrè kan, “do you” sì ti ṣe èyí, nítorí náà “he will” gbọ́dọ̀ padà sí ipò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni “Tell me what you think”, láìsí “do”, nítorí pé àṣẹ ni odindi gbólóhùn náà, ìbéèrè kan kàn farapamọ́ sínú rẹ̀ ni.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ọ̀wọ̀ wàyí. Lọ́dọ̀ wa, “ẹ” ni ó ń ru ọ̀wọ̀. “Kí ni o rò?” ni a ń sọ fún ọmọdé àti ẹgbẹ́ ẹni, “Kí ni ẹ rò?” ni a ń sọ fún àgbà, ó sì parí, ìkúnlẹ̀ tàbí ìdọ̀bálẹ̀ ni yóò ṣe èyí tí ó kù. (Mo mọ̀ pé ní ilẹ̀ Èkìtì, nínú ẹ̀ka èdè tiwọn, ọmọdé lè fi “ìwọ” bá àgbà sọ̀rọ̀ láìsí àfojúdi níbẹ̀. Kí àwọn ẹgbẹ́ mi láti ibẹ̀ má bínú. Yorùbá inú ìwé ni mo ń sọ.) Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú “ẹ” bẹ́ẹ̀ mọ́. “You” kan náà ni wọ́n fi ń bá ọba àti ajá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní “thou” tẹ́lẹ̀ fún ẹnìkan ṣoṣo tí kò jù wá lọ, ṣùgbọ́n láàárín ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ó bẹ̀rẹ̀ sí kúrò lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ní àkókò kan náà ni àwọn ará Quaker ní tiwọn kọ̀ láti fi “you” bu ọlá fún ẹnìkan ṣoṣo. Olówó àti tálákà, adájọ́ àti aláàárù, “thou” ni wọ́n fi ń pè wọ́n, èyí sì bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú. Ẹni tí ó bá lè fojú inú wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń pe ọba Ọ̀yọ́ ní “ìwọ” yóò mọ ìdí ìbínú náà.

Bí “you” bá wá kan gbogbo ènìyàn, níbo ni ọ̀wọ̀ wà? Inú ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n gbé e sí. Bí ìbéèrè ti ń gùn sí i, tí ó sì ń jìnnà sí ìsinsìnyí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀wọ̀ rẹ̀ ń pọ̀ sí i. “What do you think of it?” wà fún ẹgbẹ́ ẹni. “What would you say to it?” rọ̀ jù ú lọ. “I should be glad to know what you think of it” yẹ fún àgbà. “I wondered what you thought of it” ni ó yà mí lẹ́nu jù, nítorí pé ìsinsìnyí gan-an ni à ń béèrè, síbẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì ni a fi sí ìgbà tí ó ti kọjá. Ó dà bí ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ náà lélẹ̀ lókèèrè tí ó sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí àgbà lè mú un bí ó bá wù ú tàbí kí ó fi í sílẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó bá ti sọ pé “sir” lẹ́yìn “What do you think?” a máa wò ó pé òun ti dọ̀bálẹ̀ tán. Ó ti ṣe dáradára. Ṣùgbọ́n bí àgbà náà bá jẹ́ elédè Gẹ̀ẹ́sì, “would” ni etí rẹ̀ yóò máa wá.

Kí a sì ṣọ́ra fún àwọn ìbéèrè tí ó wọ aṣọ èrò ṣùgbọ́n tí èébú wà nínú wọn. “What do you think you are doing?” kò béèrè èrò ẹnikẹ́ni. “Who do you think you are?” ni “Ta ni o pe ara rẹ?” tiwa gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti kọ́ bí a ti ń lo “do you think” dáradára, tí ó sì fẹ́ mọ ipò tí olùdánwò kan wà, kí ó jọ̀wọ́ wá ọ̀nà mìíràn.

Ohun tí ó kù ni ó wúwo jù lọ́kàn mi. Ìbéèrè mìíràn wà tí kì í dúró gangan. Ó fi ara ti ẹ̀gbẹ́ kan. “Do you think it is right?” dúró ní àárín ọ̀nà. “Don't you think it is right?” ti fi èrò olùbéèrè hàn, ó sì ń fẹ́ kí a gbè é. Èyí fúnra rẹ̀ kò burú, àwa pẹ̀lú ní “Ẹ kò ha rò pé ó tọ́?” Ìdáhùn ni ìjàngbọ̀n wà. Bí ẹnìkan bá bi ọmọ Yorùbá pé, “Ṣé o kò rò pé o jẹ̀bi?” tí ọmọ náà sì dáhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni,” ohun tí ó ń wí ni pé, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí bí ẹ ti sọ ọ́, n kò rò pé mo jẹ̀bi. Gbólóhùn tí a sọ fún un ni “bẹ́ẹ̀ ni” tiwa ń fara mọ́. “Yes” ti elédè Gẹ̀ẹ́sì kì í wo gbólóhùn náà. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ ni ó ń wò. “Yes” lẹ́yìn “Don't you think you are wrong?” túmọ̀ sí pé, mo jẹ̀bi.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan tí n kò ní dárúkọ, níbi tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n fẹ̀sùn kan ọmọ kíláàsì wa kan pé ó fa ìwé ẹlòmíràn ya. Olùkọ́ náà, ẹni tí kì í sọ Yorùbá ní kíláàsì, bi í pé, “Don't you think you ought to beg his pardon?” Ọmọ náà dúró ṣinṣin, ó sì wí pé, “Yes, sir.” Olùkọ́ ní kí ó bẹ̀ ẹ́, nígbà náà. Kò bẹ̀ ẹ́. A tún bi í bákan náà, ó tún ní, “Yes, sir,” kò sì bẹ̀ ẹ́. Wọ́n nà án nítorí ìwé náà, wọ́n sì nà án sí i nítorí orí kunkun. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ni a mọ ẹni tí ó fa ìwé náà ya. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni ọmọ yìí ti ń sọ òtítọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwa ogún tí a jókòó síbẹ̀ sì gbọ́ ọ yé. Olùkọ́ nìkan ni kò yé.

Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti mọ̀ nígbà kan rí pé irú ìbéèrè méjì yìí kò yẹ kí ó ní ìdáhùn kan náà. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni wọ́n ní: “yea” àti “nay” fún ìbéèrè tí kò ní “not”, “yes” àti “no” fún èyí tí ó ní i. Ní 1532, Thomas More bá William Tyndale, atúmọ̀ Májẹ̀mú Titun, wí nínú ìwé kan pé ó fi “no” sí ibi tí “nay” tọ́ sí. Nígbà tí ó yá, ìyàtọ̀ náà kú, “yea” àti “nay” sì di ọ̀rọ̀ inú Bíbélì. Nítorí náà, ohun tí èmi yóò kọ́ àwọn ọmọ mi ní kíláàsì nìyí: bí ìbéèrè bá ní “not” nínú, ẹ má ṣe fi “yes” tàbí “no” sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ so ìrù mọ́ ọn: “Yes, I do.” “No, I don't, sir.” Ìrù yìí ni yóò gba ọmọ lọ́wọ́ ẹgba.

Ìrù pẹ̀lú ni ohun tí wọ́n ń fi sẹ́yìn gbólóhùn láti fi wá ìfọwọ́sí: “It is a good book, isn't it?” “You like it, don't you?” “Àbí?” kan ṣoṣo ni tiwa, kì í yí padà, tiwọn a máa yí padà gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ṣáájú ti rí, nítorí náà “You like it, isn't it?” kò tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ fi etí sí ohùn wọn. Bí ohùn bá wálẹ̀ lórí “isn't it”, wọn kò béèrè ohun kan. Ìfaramọ́ ni wọ́n ń retí. Bí ohùn bá gòkè, wọ́n ń béèrè lóòótọ́. Àwa tí ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ ń yí ọ̀rọ̀ padà lẹ́nu wa, tí a mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀, ó yẹ kí a tètè mọ èyí ju ẹlòmíràn lọ, ṣùgbọ́n bí a bá ń ka Gẹ̀ẹ́sì a máa ń kà á bí ẹni tí ó ń ka iye owó.

Ẹ jẹ́ kí a wo inú kíláàsì tiwa. Olùkọ́ tí ó bá ń wí nígbà gbogbo pé, “Don't you think so, children?” yóò gbọ́ “Yes, sir!” láti ẹnu gbogbo wọn, ariwo náà a sì dùn ún létí, ṣùgbọ́n èrò ara rẹ̀ ni wọ́n dá padà fún un. Bí ó bá wá yí i padà tí ó wí pé, “What do you think?” gbogbo wọn lè dákẹ́ lọ gbári. Èmi rò pé mo mọ ìdí rẹ̀. Nílé, ìgbà wo ni ọmọ Yorùbá ń gbọ́ “Kí ni o rò?” Ìgbà tí ó bá fọ́ àwo ni: “Kí ni o rò tí o fi gbé e síbẹ̀?” Ìbáwí ni ó mọ̀ ọ́n sí. Nígbà tí olùkọ́ bá sì fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè ohun kan náà, ọmọ yóò kọ́kọ́ wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá pàṣán wà níbẹ̀. Àwọn àgbà wa kò ṣàìfẹ́ èrò ọmọdé. Àwọn ni wọ́n wí pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n fi ń pè é jáde: “Ìwọ ńkọ́?” “Wí tìrẹ.” Mo ti dán an wò nígbà ìdánrawò ìkọ́ni pé kí n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọmọ kan ohun tí ó rí nínú àwòrán, lẹ́yìn náà ohun tí ó fẹ́ràn níbẹ̀, kí n tó wí pé, “And what do you think of it?” kí n sì dákẹ́ títí yóò fi dáhùn. Ìdákẹ́ náà ni ó ṣòro jù. Olùkọ́ a máa fẹ́ fi “isn't it?” kún un.

Fún ẹni tí ó bá fẹ́ dán ara rẹ̀ wò, kí ó fi àwọn wọ̀nyí sí Gẹ̀ẹ́sì: “Ta ni ẹ rò pé yóò ṣe olórí ẹgbẹ́ akọrin?” “Báwo ni ìlú náà ti rí?” “Ẹ kò ha rò pé òjò yóò rọ̀?” “Bẹ́ẹ̀ ni, a kò rò bẹ́ẹ̀.” “Báwo ni ẹ ti rí oúnjẹ náà sí?” Ìkẹyìn ni èyí tí àwa mẹ́rin nínú yàrá wa fi odindi ìrọ̀lẹ́ kan jà lé lórí, tí ẹnìkan kò sì gbà fún ẹnìkejì: “Baba, mo wá láti fi ọ̀rọ̀ kan lọ̀ yín ni.” Ọ̀kan ní “ask your opinion”, ọ̀kan ní “consult you”, ọ̀kan ní “lay a matter before you”. Lójú tèmi, kò sí èyí tí ó gbé “lọ̀” délé nínú wọn. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn olùkọ́ wa bá ní èyí tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, I should be very glad to know what he thinks.